Òkun Kì í Hó Ruru Ká Wà Á Ruru: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Lọ Gbafẹ́ Létíkun

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀rọ̀ omi ni, àní omi òkun. Ẹ lè máa wí lọ́kàn yín pé, kí ló kan nọ́ọ̀sì dìsípẹ́ńsárì Sàngó-Ọ̀tà nínú ọ̀rọ̀ òkun? Ọ̀tà kì í ṣe ìlú etíkun. Ariwo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ là ń gbọ́ níbí, a kì í gbọ́ ariwo ìgbì. Ẹ ní sùúrù fún mi, ẹ ó rí ohun tó kàn mí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan báyìí, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike wá bá mi ní dìsípẹ́ńsárì. Ara rẹ̀ le koko, kò sí ohun tó ń ṣe é. Ìwé kékeré kan ló mú lọ́wọ́. Òun ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yàn láti máa gba owó tí wọ́n fẹ́ fi lọ gbafẹ́ ní etíkun Elegushi, ní Lẹ́kí. Wọ́n ti háyà bọ́ọ̀sì méjì, wọ́n ti san owó ìrẹsì àti ẹran, wọ́n sì ti ra ẹ̀wù alábọ̀ọ́dé. Ó ní kí n bá òun kọ orúkọ oògùn tí àwọn yóò mú dání: oògùn ẹ̀fọ́rí, oògùn inú rírun, báńdéèjì àti oògùn ojú egbò. Mo kọ ọ́ fún un. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo bi í pé, "Ẹ̀yin mélòó ló mọ omi wẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì méjèèjì?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, a ò lọ wẹ̀ o. Ẹsẹ̀ lásán la fẹ́ tì bọ omi."

Ọ̀rọ̀ yìí bà mí lọ́kàn jẹ́, ọmọ náà kò sì mọ ìdí rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, ó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn, lẹ́nu ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò padà sílé mọ́.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ NÍ BAR BEACH

Ọdún kejì ni mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì nígbà náà. Ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde ni. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan da owó jọ, a wọ ọkọ̀ lọ sí Bar Beach ní Victoria Island. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò rántí bí ibẹ̀ ti máa ń rí lọ́jọ́ ọdún: àwọn ẹlẹ́ṣin tí ń gbé ọmọdé gun ẹṣin kiri, àwọn onísúyà, àwọn oníyàwòrán, àwọn aláṣọ funfun tí ń gbàdúrà létí omi pẹ̀lú agogo lọ́wọ́, àti èrò tó ń wọ́ bí omi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kìlọ̀ fún un pé kó má sún mọ́ omi. Ó dáhùn pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fẹ́ tì bọ̀ ọ́." Kò pẹ́ rárá tí ìgbì ńlá kan fi dé. Nígbà tí ìgbì náà ń padà, ó gbá yanrìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ṣubú, kó tó dìde, ìgbì mìíràn ti bò ó. A rí orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nítòsí, lẹ́yìn náà a rí i lọ́nà jíjìn. Kò pariwo. Kò ju ọwọ́ sókè bí wọ́n ti ń ṣe nínú sinimá. Àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n mọ omi náà dáadáa ló bá a, tí wọ́n fà á jáde, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí yanrìn. Kò mí mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí a wá ṣe. Ẹnìkan gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó dorí rẹ̀ kodò kí omi lè ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹlòmíràn kúnlẹ̀ tì í, ó ń tẹ̀ ẹ́ níkùn. Omi ń jáde lóòótọ́, inú àwọn èrò sì ń dùn, wọ́n ń pariwo pé, "Ó ti ń jáde! Ó ti ń jáde!" Èmi nìyí níbẹ̀. Kò tíì pé oṣù kan tí olùkọ́ wa kọ́ wa bí a ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹni tí kò mí lẹ́nu, tí a sì fi ère onírọ́bà ṣe é ní kíláàsì. Mo mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí, àgbà ni àwọn tó yí i ká, ohùn wọn sì ròkè ju tèmi lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n..." Ọkùnrin kan fi ọwọ́ tì mí sẹ́yìn. Mo sì dákẹ́. Ìgbà tí wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

N kò lè sọ fún yín pé ìbá yè bí mo bá ti sọ̀rọ̀ sókè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìṣẹ́jú tó ṣe iyebíye jù lọ ni a fi ṣòfò lórí ikùn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró ló ń wá ìrànlọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kò tó kí ènìyàn mọ nǹkan. Ó yẹ kí àwọn tó yí i ká náà mọ̀ ọ́n, kí wọ́n lè fún un láyè. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé yìí sí gbogbo ilé.

KÍ LÓ DÉ TÍ OMI ÈKÓ FI LE TÓ BẸ́Ẹ̀?

Bar Beach tí mo ń sọ yìí kò sí mọ́ bí a ti mọ̀ ọ́n. Yanrìn tó gbá jọ sábẹ́ omi ní ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọ Èkó ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ. Kí ọkọ̀ ńlá lè máa rọ́nà wọlé, ìjọba àwọn òyìnbó kó òkúta gbàǹgbà-gbàǹgbà sínú òkun láàárín ọdún 1908 sí 1912, wọ́n fi ṣe odi gígùn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà. Ọkọ̀ rọ́nà wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkun kò gbàgbé. Ní etíkun wa, omi a máa gbé yanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Odi òkúta náà dí yanrìn lọ́nà. Yanrìn ń pọ̀ sí i ní ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí Bar Beach wà, òkun ń jẹ ilẹ̀ lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìjọba da yanrìn sí i, ọ̀pọ̀ ìgbà ni omi sì ya wọ ojú títì Ahmadu Bello. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ Kuramo tó wà nítòsí ibẹ̀, ó gbé ilé àwọn ènìyàn lọ, ẹ̀mí sì ṣòfò. Lónìí, ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic ni wọ́n ń kọ́ sórí yanrìn tí wọ́n dà sójú ibẹ̀, tí wọ́n sì fi odi òkúta yí ká.

Nígbà tí Bar Beach lọ tán, àwọn èrò ìgbafẹ́ kò jókòó sílé. Wọ́n ń lọ sí Oniru àti Elegushi, àwọn mìíràn ń lọ sí Eléko ní ọ̀nà Ìbẹ̀jú. Àwa ará Ọ̀tà a máa gba Atan àti Àgbárá jáde sí títì Àgbádárìgì, láti lọ sí Suntan Beach. Àwọn kan ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay. Ti Tarkwa Bay fara rọ díẹ̀, nítorí odi òkúta ayé ijọ́un ló ń gbà á lọ́wọ́ ìgbì. Àwọn yòókù kọjú sí òkun gbalasa. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé orúkọ etíkun ló yí padà, òkun kan náà ni.

Ìgbì tó ń dé sí etíkun wa kì í ṣe ọmọ ilé. Ìjì tó ń jà lọ́nà jíjìn réré ní ìhà gúúsù òkun Àtìláńtíìkì ló ń rán an wá, ó sì ń rìn fún ọjọ́ púpọ̀ kó tó kàn wá. Nítorí náà, ojú ọ̀run lè mọ́ kedere, kí atẹ́gùn má fẹ́ rárá, síbẹ̀ kí òkun máa bínú. A máa le jù lọ láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Ẹ má ṣe wo ojú ọ̀run mọ ìwà òkun.

Ọ̀NÀ TÍ OMI Ń GBÀ PADÀ

Àwọn baba wa ní Olókun ló ń mú ènìyàn, àwọn mìíràn ní Màmí Wọ́tà ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ojú lè rí, tí ènìyàn sì lè sá fún. Ẹ wo ojú títì Sàngó nígbà tí òjò ńlá bá dá. Omi á tẹ́ pẹrẹsẹ lójú títì, ọmọdé á máa ta á káàkiri. Ṣùgbọ́n níbi tí omi náà bá ti rí ojú gọ́tà, á kóra jọ, á máa sáré, á sì gbé bàtà, á gbé ike, bí kò bá ṣọ́ra, á gbé ọmọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti òkun. Ìgbì ń ti omi wá sórí yanrìn láìsinmi. Omi yìí kò lè dúró síbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà. Yóò wá ibi tó jìn díẹ̀ láàárín yanrìn abẹ́ omi, yóò gba ibẹ̀ padà sí ojú agbami bí ìgbà tó bá gba gọ́tà. Ìṣàn omi yìí lè sáré ju mítà 2 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí òmùwẹ̀ kan láyé yìí, bó jẹ́ ẹni tó ti gba góòlù ní ìdíje àgbáyé, tó lè wẹ̀ kọjú sí i kó sì borí rẹ̀.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ojú ibẹ̀ máa ń fani mọ́ra. Nígbà tí ìgbì bá ń fọ́ funfun lápá ọ̀tún, tó ń fọ́ funfun lápá òsì, àárín tí kò ti fọ́ ni ọ̀nà omi náà. Ibẹ̀ á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìyá ọmọ á ní, "Ẹ wá síbí, ibí ló rọra." Ẹ̀yin ìyá, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ sá fún! Bí ẹ bá rí ibi tí omi dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí tó dà bí ẹrẹ̀ nítorí yanrìn, tí ìfófó àti pàǹtí sì ń lọ síwájú láti etí bèbè dípò kí ó máa bọ̀, ẹ má ṣe ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Kí ẹ tó wọ omi, ẹ dúró sí òkè yanrìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wò ó dáadáa.

BÍ OMI BÁ TI GBÉ ẸNÌKAN NÍNÚ YÍN

Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òwe yìí parí ìjà lọ́kọláya, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé oògùn ẹ̀mí ló jẹ́ nínú omi. Èyí tó ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe pé omi fà wọ́n wọlẹ̀. Ìṣàn omi yìí kì í fa ènìyàn wọlẹ̀, ojú omi ló ń gbé e gbà lọ síwájú. Ẹni tó bá kọjú sí ilẹ̀, tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ bá omi jà, àárẹ̀ ni yóò mú un, àárẹ̀ náà ni yóò sì rì í.

Nítorí náà, bí omi bá gbé yín, ẹ má ṣe bá a jà. Ẹ dojú kọ òkè, ẹ na ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí omi gbé yín léfòó. Omi òkun níyọ̀, ó rọrùn láti léfòó lórí rẹ̀ ju omi odò lọ. Ẹ rọra máa mí. Agbára ìṣàn náà yóò dínkù nígbà tó bá kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí ó wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń bá etíkun rìn, títí yóò fi kúrò nínú ọ̀nà omi náà, kí ó tó kọjú sílé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí ó léfòó, kí ó na ọwọ́ kan sókè, kí ó sì máa ké fún ìrànlọ́wọ́.

BÍ Ẹ BÁ RÍ ẸNI TÍ OMI Ń GBÉ LỌ

Mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ má ṣe bẹ́ sínú omi tẹ̀lé e bí ẹ kò bá kọ́ iṣẹ́ ìgbẹ̀mílà. Ẹni tí ń rì yóò rọ̀ mọ́ yín lọ́rùn, ẹ ó sì jọ rì. Báyìí ni òkú kan ṣe ń di méjì, tí méjì ń di mẹ́ta nínú ẹbí kan ṣoṣo. Èyí ni kí ẹ ṣe:

Èkíní, ẹ ké pe àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun bí wọ́n bá wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo etíkun ló ní wọn. Kí ẹnìkan sì tẹ fóònù: ní Èkó, 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà fún pàjáwìrì.

Èkejì, ẹ ju ohun tó lè léfòó sí i. Kẹ́ẹ̀gì epo òfìfo tí ẹ dé lẹ́nu pinpin ṣe é lò, tíúbù táyà ṣe é lò, ìdérí kúlà ńlá náà ṣe é lò. Bí ẹ bá so okùn mọ́ kẹ́ẹ̀gì náà láti ilé, ẹ ó lè fi fà á wá sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ẹnìkan máa nàka sí i láìgbójú kúrò lára rẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ wá gbà á lè mọ ibi tó wà.

BÍ Ẹ BÁ TI GBÉ E DÉ ORÍ ILẸ̀

Ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ. Ẹ gé e kúrò nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Omi tó wà níkùn kọ́ ló ń pa ẹni tó rì. Àìrí atẹ́gùn ló ń pa á. Bí ọpọlọ kò bá rí atẹ́gùn fún ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má ṣe dorí rẹ̀ kodò, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ níkùn, ẹ má ṣe yí i lórí àgbá. Bí ẹ bá ń tẹ ikùn, èébì lè jáde kó sì gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má ṣe da epo pupa tàbí ohun mímu kankan sí i lẹ́nu.

Ẹ tẹ́ ẹ gbalaja sórí ilẹ̀ tó le. Ẹ pè é, ẹ gbọ̀n ọ́n léjìká. Ẹ fi ọwọ́ kan lé iwájú orí rẹ̀, ẹ fi ìka gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, kí ọ̀nà ọ̀fun lè là. Ẹ gbé etí sún mọ́ imú rẹ̀, kí ẹ máa wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń gbéra. Ẹ má ṣe lò ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ lórí èyí.

Bí kò bá mí, tàbí tó kàn ń já èémí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹja tó kúrò lómi, ẹ di imú rẹ̀, ẹ fi ẹnu yín bo ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i nígbà 5, kí ẹ sì rí i pé àyà rẹ̀ ń gbéra. Bí ọmọ ọwọ́ bá ni, ẹ fi ẹnu bo ẹnu àti imú rẹ̀ pọ̀, kí ẹ rọra fẹ́ ẹ.

Bí kò bá tíì mí, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan lé àárín àyà rẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, ẹ na apá yín gbọnrangandan, kí ẹ tẹ àyà náà wọlé ní ìgbà 30. Fún àgbàlagbà, kí ó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6. Kí ó yá kánkán, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Fún ọmọdé, ọwọ́ kan tó. Fún ọmọ ọwọ́, àtàǹpàkò ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ lò. Lẹ́yìn 30, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, 30 mìíràn, àti méjì mìíràn. Ẹ má ṣe dáwọ́ dúró títí yóò fi mí, tàbí títí àwọn oníṣègùn yóò fi dé. Bí ó bá rẹ ẹnìkan, kí ẹlòmíràn gbà á ṣe. Ìfófó lè máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má ṣe dúró máa nù ún, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá bì, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ nù ún, kí ẹ sì tún padà.

Bó bá ti ń mí fúnra rẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, kí ẹ fi èyí tó gbẹ bò ó. Ẹ wá gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má ṣe gbọ́ bó bá ní, "Ara mi ti yá." Omi tó ti kan ẹ̀dọ̀fóró lè dá ìpalára sílẹ̀ tí kì í hàn títí di wákàtí mélòó kan. Bó bá ń wúkọ́, tí èémí rẹ̀ ń yára, tàbí tó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀rọ̀ dókítà ni.

KÍ Ẹ TÓ KÚRÒ NÍLÉ

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin àgbà pín ọmọ láàárín ara yín. Ọmọ tó bá wà létí omi, kí ó wà níbi tí ọwọ́ àgbà kan lè tó o, kí àgbà náà má sì máa tẹ fóònù. Ẹni tí ń rì kì í pariwo, nítorí ẹni tí kò rí èémí mí kò lè rí èyí tí yóò fi ké. Ẹni tó bá ti mu ọtí, kí ó jókòó sórí yanrìn. Ẹni tó ní wárápá, kí ó má ṣe dá wọ omi. Ẹni tó ń lọ sí Tarkwa Bay, kí ó wọ jákẹ́ẹ̀tì ojú omi kí ọkọ̀ tó ṣí, kí ó sì so ó dáadáa. Bí ẹ bá rí àsíá pupa, ẹ má ṣe wọ omi rárá, ì báà jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún náírà lọ́nà mélòó kan lẹ san kí ẹ tó wọlé. Ẹ ka ara yín kí ẹ tó kúrò nínú ọkọ̀, ẹ tún ka ara yín kí ẹ tó padà wọ̀ ọ́.

TI ILÉ WA NÍ Ọ̀TÀ ŃKỌ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wí pé, "Èmi kì í lọ síbi òkun," ẹ dúró díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló kú sómi ní ọdún 2021, àti pé ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn tó jẹ́ ará àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ bí tiwa. Nǹkan bí ìdámẹ́rin wọn ni kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Nítorí èyí ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ya ọjọ́ 25 oṣù keje sọ́tọ̀ ní ọdún 2021, kí gbogbo ayé máa fi rántí ọ̀rọ̀ ikú omi.

Ọmọ ọdún kan lè rì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí omi rẹ̀ kò ju ìdajì lọ, nítorí orí rẹ̀ wúwo, bó bá dorí kodò sínú rẹ̀, kò lè gbé e jáde. Àdúgbò wa kún fún kànga tí kò ní ìdérí, àgbá omi àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, àti kòtò tí wọ́n ti kó ilẹ̀pa, tí òjò ti sọ di adágún. Odò Ìlò àti Atuwara tó dà bí omi kékeré lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn a máa yí ìwà padà lásìkò òjò. Ẹ dé kànga yín, kí ẹ sì tì í. Ẹ da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì nù tàbí kí ẹ dé e. Ẹ̀yin lándílọ́ọ̀dù, ẹ dí kòtò tó wà lẹ́yìnkùlé yín. Ìtọ́jú tí mo kọ sókè yìí kan náà ni ẹ ó lò fún ọmọ tó bá bọ́ sí kànga, bí wọ́n bá ti gbé e jáde.

Ọmọbìnrin oníke tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lọ pẹ̀lú ìwé oògùn nìkan lọ́jọ́ náà. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn. Wọ́n wá. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀, mo fi ìrọ̀rí tó le ṣe àyà ènìyàn, mo sì ní kí wọ́n kúnlẹ̀ tì í lọ́kọ̀ọ̀kan. Òógùn bò wọ́n kí wọ́n tó ka 30 lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Màmá, bí àwọn àgbà ibẹ̀ bá ní ká kúrò ńkọ́?"

Mo wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, kúnlẹ̀ kí o bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ń bú ọ, máa kà lọ."

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà àti okùn gígùn ti wà lára ẹrù wọn báyìí. Ọjọ́ ìrìn àjò wọn ń bọ̀. Mo gbàdúrà kí wọ́n má rí ohun tí wọn yóò fi kẹ́ẹ̀gì náà ṣe ju kí wọ́n jókòó lé e jẹun lọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ẹ kú àfẹ́yẹ, ẹ kú ìmúra ọdún. Bí ẹ bá lọ, kí ẹ lọ ire, kí ẹ bọ̀ ire, kí iye tó jáde nílé jẹ́ iye tí yóò padà wọlé. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.